Ìfúntí Bàbá Rẹ Ṣì Wà Ní Títú

Lyuben, ọmọ mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Plovdiv. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹ oúnjẹ gidi, àbí búrẹ́dì gbígbẹ àti kọfí náà ni? Kí Ìyá Olúwa máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lójú títì, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ojú rẹ má sì bàjẹ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Èmi náà wà láàyè, orúnkún nìkan ni kò gbádùn, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ewúrẹ́ já okùn, ó jẹ kábéèjì ìyàwó àlùfáà, a sì ti bẹ̀ wọ́n. Èmi àti Spas aládùúgbò wa ti yan tàtàṣé tọdún yìí, èéfín rẹ̀ ṣì wà lára ìborí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìfúntí tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Èso àjàrà ti pọ́n, agbọ́n ti ń bò ó, òjò sì ti ń ṣú lórí òkè Pirin. Gbogbo abúlé ti ń fún wáìnì tiwọn, tèmi nìkan ló kù lórí igi, nítorí pé ìfúntí wa ṣì wà ní títú, bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún Ìyá Olúwa nínú oṣù kẹjọ. Bí a kò bá rí nǹkan ṣe sí i kí òjò tó dé, gbogbo èso náà yóò jẹrà ni.

Má rò pé mò ń bá ọ jà o. O ṣe dáadáa tí o ní o fẹ́ ya ìfúntí náà sínú kọ̀ǹpútà kí iléeṣẹ́ yín lè bá mi fi irin ṣe tuntun. O yọ èèkàn irin kékeré tó di pákó ìtẹ̀ mú, o gbé pákó náà kúrò lórí agbọ̀n tí a ń da èso sí, o wọ̀n ọ́n lókè, o wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, o kó gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Lẹ́yìn náà lo pè mí sídìí tábìlì, o ní kí n wá wò ó. Mo wò ó, ìfúntí bàbá rẹ ló wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń yí bí ẹran tí wọ́n ń yan. O ní o ti fi ìdè inú àwòrán so pákó mọ́ irin gígùn tí a máa ń lọ́, o sì so irin náà mọ́ ihò rẹ̀, kó má baà lọ síbòmíràn ju òkè àti ìsàlẹ̀ lọ. O fi orúkọ ìdè kọ̀ọ̀kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O tẹ ọ̀kan, o pa á bí ẹni pa iná, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti ṣú. Ni o bá fa pákó náà, ó fò jáde, ó dúró sínú afẹ́fẹ́ láìsí ohun tó gbé e ró. Mo ṣe àmì àgbélébùú. O rẹ́rìn-ín, o ní o kò gé ìdè náà dànù, o kàn dá a dúró ná kí o lè rí abẹ́ pákó dáadáa. O tàn án padà, pákó sì bọ́ sí ipò rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ó dára. Ṣùgbọ́n Spas wọlé, o tún pa ìdè náà láti fi han òun náà, bọ́ọ̀sì fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, o pa kọ̀ǹpútà dé, o sáré. Lyuben, mo fi ojú mi méjèèjì rí i, pákó yẹn ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí o pa á dé. Mo mọ̀ pé o ti gbàgbé.

Mo sọ fún Spas pé ìdí nìyẹn tí ìfúntí fi gbọ́dọ̀ wà ní títú títí wàá fi tan ìdè náà, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé òòlù wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní òun fẹ́ gbé pákó padà kí òun sì kan èèkàn rẹ̀ wọlé, kò ní pẹ́ rárá. Mo lọ dúró níwájú bẹ́ńṣì. Mo ní bí ó bá kàn án níbí, tí tìrẹ sì ṣì wà ní pípa ní Plovdiv, àwọn méjèèjì yóò máa fa ara wọn ni, ìfúntí yóò fà síbí, kọ̀ǹpútà yóò fà sọ́hùn-ún, bí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ bá sì fọ́, ta ni wọn yóò mú? Ó bi mí pé bí ọmọ mi bá ya bàtà òun, tó sì tú okùn rẹ̀ nínú àwòrán, ṣé òun yóò wá ṣubú lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní kí ó dá mi lóhùn ná, nígbà tí iná lọ lóṣù tó kọjá, ta ló wá sílé wa wá pa á? Ṣebí ẹnì kan ló jókòó nígboro tó tẹ nǹkan, tí gbogbo abúlé fi ṣókùnkùn. Ó jókòó, ó ń jẹ tàtàṣé mi.

Kí n má gbàgbé, ilẹ̀kùn ilé adìẹ náà ti ń mì láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá wọn òun náà láìsọ fún mi, jọ̀wọ́ bá mi wo ìdè rẹ̀.

Nígbà tí Spas jẹun tán, ó wo orí bẹ́ńṣì, ó ní ó dára, kí ìfúntí wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ife kọfí rẹ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú èérún pẹ́ńsùlù, tí eèrà ti gba ibẹ̀ kan? Mo ní ṣé ìyá tirẹ̀ kò kọ́ ọ ni. Ta ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó lọ sí ìrìn-àjò, tàbí tó ń tún ohun tó fọwọ́ kàn tò, kí onítọ̀hún tó ránṣẹ́ pé òun ti gúnlẹ̀? Mo da omi sẹ́yìn rẹ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà kí ọ̀nà rẹ lè máa ṣàn bí omi, mo sì wọlé láti dúró de ìpè rẹ. Mo ṣì ń dúró. Àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo tó nà sókè lo fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó pupa rúsúrúsú, n kò sì mọ̀ bóyá tìrẹ ni. Spas ní ó túmọ̀ sí pé o ti dé. Mo ní àtàǹpàkò kò ní ẹnu. Àárò rẹ ń sọ mí, Lyuben, mo ti wí i.

Nítorí náà, bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà, tan ìdè yẹn. Lẹ́yìn náà pè mí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé o ti dé. Ìgbà náà ni màá gbálẹ̀, tí Spas yóò sì kan èèkàn. Bí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún igi ìdáná àti oògùn orúnkún, òtútù ń bọ̀. Má fi í sínú ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báǹkì yẹn, ó béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tó kọjá, mo sì ní n kì í sọ àṣírí fún ẹni tí n kò mọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fi rán.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dúró, kí ohun tí o bá so pọ̀ má ṣe tú, kí o fẹ́ ọmọbìnrin tó mọ̀ pé èèyàn ní ìyá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rayna.

Mo tún rántí. Spas ní kí n kó èso àjàrà mi wá sí ìfúntí tòun, kó má baà bàjẹ́. Mo ní rárá. Ó ní wáìnì náà ni wáìnì, ibi yòówù kí wọ́n ti fún un. N kò bá a jiyàn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èmi kì í mu wáìnì mọ́. Ìwọ ni mò ń fún un dè lọ́dọọdún.