Páìpù Tó Ń Gbé Yìnyín
Màmá mi, ẹ kú ìránṣọ ní Woliwo o. Ara mi le, oúnjẹ ń wọlé. Ní Jàpáànù níbí, à ń da yìnyín ojú títì pọ̀ mọ́ omi, kí ẹ̀rọ lè tì í gba inú páìpù lọ sódò. Bí yìnyín bá pọ̀ jù, agbára omi á tán sọ́nà, páìpù á sì dí.

Ó dí lánàá. Èmi àti Tìjání la lọ tú u. "Tóbi, bọ́ sẹ́yìn mi," ló wí, ni páìpù bá bẹ́ lù ú. Ilé ìgbókùúsí tí wọ́n tẹ́ ẹ sí mọ́ tónítóní.

Ìyàwó rẹ̀, onídìrí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín, kò tíì gbọ́. Mi ò tíì pè é. Bó bá béèrè wa, ẹ ní a kí i.