Kábíyèsí Tó Jókòó ní Ìkóríta Wa

Ọjọ́ Ajé, 4 Fẹ́búárì 2019

Dókítà ti sọ̀rọ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró Sarvamangala, ìyàwó mi tí mo ń pè ní Mangala, ò gba èéfín mọ́. Bí wọn ò bá yéé dáná sun ààtàn ìkóríta wa, kí n gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn ibẹ̀ mọ́. Kí n tó bọ́ bàtà, Mangala ti fóònù Girija àbúrò rẹ̀ tó ń gbé nílùú Hassan. Girija ní kó máa bọ̀, kó wá dúró títí òjò á fi dé. Òjò! Oṣù mẹ́rin gbáko! Bengaluru tóbi, àmọ́ tí Mangala ò bá sí nílé, yàrá méjì wa yìí á tóbi jù ú lọ. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Ohun tí mo sọ ni pé kọfí ti tutù.

Mo ti búra. Oṣù yìí ò ní parí kí Kábíyèsí tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Orúkọ tí mo fún ààtàn yẹn nìyẹn — ó jókòó gbẹdẹmukẹ sí ìkóríta, tonílé tàlejò ń yà fún un, màlúù pàápàá ń wá júbà láràárọ̀. Tó bá sì ti ga tán, ẹni tó bá ní ìṣáná lọ́wọ́ á kàn sọ iná sí i.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Fẹ́búárì

Ìpàdé àdúgbò ní ilé Seshagiri tó ń gbé lókè wa. Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ọgbọ̀n ọdún ní báńkì, kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó ní ká kọ lẹ́tà síjọba. Mo ní lẹ́tà wo? Ìgbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ oko èso àjàrà la ti ń kọ lẹ́tà. Oko ti di ilé alájà mẹ́rìnlá, ẹnikẹ́ni ò tíì dá wa lóhùn.

Mo ní èmi fúnra mi ni màá mú àwọn tó ń da ilẹ̀ síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe kọ́ndọ́, kò sẹ́ni tó wọ bọ́ọ̀sì mi lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má lọ mú màlúù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín nìṣó.


Ọjọ́bọ̀, 7 Fẹ́búárì

Àga mi, fèrè kọ́ndọ́ mi, fìlà mi. Aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo mú mẹ́ta! Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, orí alùpùpù ló ti ju ọ̀rá tirẹ̀, kò tiẹ̀ dúró. Mo fọn fèrè — fíííì! — díẹ̀ ló kù kó wọnú gọ́tà. “Bàbá, mo rò pé ọlọ́pàá ni!” Ó gbé ọ̀rá rẹ̀, ó fi sáàárín ẹsẹ̀, ó lọ. Inú mi dùn dọ́ba.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Fẹ́búárì

Wọ́n tún ti dáná sun ún. Mangala wúkọ́ títí oúnjẹ àárọ̀ fi tutù.


Ọjọ́ Àìkú, 10 Fẹ́búárì

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, aago mẹ́wàá, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní kí n má ba ojú jẹ́. Èmi tí mo já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wá ń dẹ́rù bà mí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Fẹ́búárì

Ojú tì mí. Àmọ́ màá kọ ọ́.

Láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń ju nǹkan mọ́. Síbẹ̀, kílẹ̀ tó tún mọ́, ọ̀rá tuntun á ti dé. Ọgbọ́n wá sọ sí mi lọ́kàn: ká tú ọ̀rá, ká wá orúkọ. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Àdúgbò pé jọ. Èèpo àgbọn, òdòdó ìrúbọ tó ti rà, ìtẹ́dìí ọmọ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rírú ẹ̀ mọ́). Mo kan ọ̀rá kan tí wọ́n dì dáadáa, tó mọ́ tónítóní lóde — mo tiẹ̀ yin ẹni tó dì í. Lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo ń kà á bí ẹni ń pe ibùdókọ̀: “Ọ̀gbẹ́ni Shi-va-lin-gap-pa! Ilé kẹtàdínlógún!”

Lẹ́tà àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni. Orúkọ mi ni. Ilé mi ni.

Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín fọn fèrè ọ̀hún ni?”


Ọjọ́rú, 13 Fẹ́búárì

Mi ò jáde.


Ọjọ́bọ̀, 14 Fẹ́búárì

Mangala ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà nígbà tó jẹ́wọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Spurthi, èmi ni.” (Spurthi lọmọ wa tó wà ní Muscat.) Mo ní báwo? Ó ní ṣé mo ti gbàgbé Narasamma ni.

Mi ò gbàgbé. Narasamma ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó pàǹtí àdúgbò wa. Nígbà ọdún Dasara tó kọjá, ó ní òun ò ní gba garawa wa, pé a da pàǹtí tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ. Mo fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní agbálẹ̀ kan ò lè wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo tún sọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Látìgbà náà, kẹ̀kẹ́ kì í dúró nílé wa mọ́. Mo rò pé ó ń dúró. Mi ò bèèrè rí.

Mangala ní, “Ṣé kí n máa kó o jẹ ni? Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ó tún lọ bá a jà.” Ló bá ń gbé e lọ sí ìkóríta nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo bá jókòó ti ìròyìn. Ó ní, “Èéfín tó ń pa mí, èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣẹ́gi fún un.”

Mo bínú sí i fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Fẹ́búárì

Mo lọ bá Narasamma níbi tí wọ́n ti ń ya pàǹtí sọ́tọ̀. Kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. “Bàbá Kọ́ndọ́! Ṣé ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ pè mí?” Mo ní mo rántí. “Ẹ tún un pè, kí àwọn èèyàn mi gbọ́.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú eékún mi tó ń dùn mí. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ̀ ń tẹ gbígbẹ mọ́ tútù!” Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ti gbà pé kẹ̀kẹ́ òun á tún máa dúró nílé wa. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni kí n fi bá òun yí àdúgbò. Ó ní ohùn òun ti há, ohùn tí mo fi bú òun yẹn ló wu òun.


Ọjọ́ Ajé, 18 Fẹ́búárì

Ọjọ́ ńlá! “Tútù, ẹ wọlé níwájú! Gbígbẹ, ẹ bọ́ sẹ́yìn! Ẹ sún mọ́ra, ẹ sún mọ́ra!” Wọ́n yọjú láti òkè ilé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tí wọ́n máa ń sùn kọjá kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn.

Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán gbé garawa kan ṣoṣo wá, àdàlú gbáà. Narasamma wò mí. Mo ní, “Àbúrò, èyí ò lè wọ ọkọ̀ yìí o. Ẹ lọ yà á sọ́tọ̀.” Ó ní, “Ta ló ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi?” Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Mo bá a gbé garawa náà wọlé, àwa méjèèjì jọ yà á.


Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

Ọ̀rá mẹ́rin péré ló wà ní ìkóríta láàárọ̀. A kó wọn, a fọ ilẹ̀, àwọn obìnrin sì fi ìyẹ̀fun funfun ya òdòdó síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yà á sẹ́nu ọ̀nà ilé. Màlúù dé ní aago méje, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bínú lọ. Kábíyèsí ti wàjà.


Ọjọ́ Ẹtì, 22 Fẹ́búárì

Kò séèfín láti ọjọ́ Ajé. Mangala wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lónìí, mo kà á. Síbẹ̀ ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ọsàn wẹ́wẹ́ oníyọ̀ tí Girija fẹ́ràn sí i. Mo fẹ́ sọ pé kó má lọ. Ẹnu tó ń pe gbogbo àdúgbò jí, kò lè sọ gbólóhùn kan yìí.


Ọjọ́ Àìkú, 24 Fẹ́búárì

Ọ̀sẹ̀ mi pé lónìí. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà wa, Narasamma ní, “Bàbá Kọ́ndọ́, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyàwó yín.” Mo dúpẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ìyàwó wo ni ó ń sọ? Ẹni tí yóò wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́wàá?

Mo ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni mo gbọ́ Mangala tó ń bá Girija sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Rárá, àbúrò mi, mi ò lè wá mọ́ … Ara mi ti ń le … Kì í ṣe ti èéfín nìkan. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ … Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni. Kùtùkùtù ló ń jáde, ta ni kó máa bá a po kọfí?”

Omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo rántí pé iṣẹ́ ọ̀hún ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn.

Mi ò nu ẹsẹ̀. Mo sáré. Òpópónà kejì, ẹ̀kẹta — ìkángun ẹ̀kẹrin ni mo ti bá kẹ̀kẹ́, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Narasamma ní kí ló dé, ṣé mo gbàgbé nǹkan ni?

Mo ní ọ̀la ńkọ́, aago mélòó? Ó ní, “Ọ̀la kẹ̀? Ṣebí mo ti ní kẹ́ ẹ lọ sinmi.”

Mo ní kò ṣeé ṣe mọ́, ìyàwó mi ti gbà mí síṣẹ́.