Fóònù Mi Kò Béèrè Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, bí ọkàn wa tilẹ̀ gbọgbẹ́. Ara tèmi náà le.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé níbo ni mo wà nígbà tí Bàbá wa ń kú lọ, mo sì gé ìpè náà. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mò ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣàwàdà.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ṣe ìkànnì ilé ìwòsàn tí wọ́n dá Bàbá dúró sí, èyí tí ẹbí fi ń wo bí aláìsàn wọn ṣe ń ṣe. Ó máa ń falẹ̀ bí ìgbín, àwọn ènìyàn sì ń ráhùn. Ni mo bá pàṣẹ pé kí fóònù tọ́jú èsì tó bá ti gbà, kó má lọ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mọ́ títí ọjọ́ kan yóò fi pé. Àwòrán àti àdírẹ́sì, tí kì í yí padà, ló yẹ kí n ṣe é fún. Ọ̀lẹ mú mi, mo kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi yìn mí, èmi náà sì ń yan.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣí i ní aago méje, bí mo ti ṣí i nírọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Ó ní: “Bàbá jẹun, ara wọn ń mókun.” Mo tún ṣí i ní aago mẹ́wàá àti ní aago méjì, bákan náà ló wí. Ọkàn mi balẹ̀, mo jókòó ti iṣẹ́ mi. Èmi tí mo kọ àṣẹ yẹn, n kò rántí rẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì Bàbá ti ṣófo. Mo na fóònù sí nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí pé wọ́n jẹun.”

Ó ní, “Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ àná nìyẹn, ọmọ mi. A kì í pe ẹbí mọ́ látìgbà tí ìkànnì yìí ti dé.”

Ó wá yí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí mi. Aago mẹ́sàn-án: “Bàbá ń béèrè ọmọ wọn obìnrin.” Aago mọ́kànlá: “Kó tètè máa bọ̀.” Aago kan: “Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má bá a wí, iṣẹ́ ló dá a dúró.”

Ẹ̀gbọ́n mi, àfọwọ́fà ni. N kò mọ ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ yín.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó sì tu ìyá wa nínú.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin.

Mo tún rántí: mo pa àṣẹ náà rẹ́ kí n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, mo sì jókòó sórí àga nọ́ọ̀sì, mo pe ẹbí àwọn aláìsàn yòókù, mọ́kàndínlógún, lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má gba fóònù wọn gbọ́, kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tètè dé, ó sì bá ìyá rẹ̀ láàyè.