Baálẹ̀ Tí Ìyá Rẹ̀ Kú Lẹ́ẹ̀mẹta

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Labor Day, ìsinmi òṣìṣẹ́ nílùú òyìnbó níbí. Mi ò lọ síbi iṣẹ́, ara tù mí. Dárasími ọmọ mi dé láti yunifásítì rẹ̀ ní West End pẹ̀lú àpò aṣọ ìdọ̀tí méjì, ó ní òun ní ọ̀rọ̀. Olúdáre fẹ́ fẹ́ ẹ! Mo pariwo, mo jó yí tábìlì ká. Ọkọ mi — Bàbá Rìmóòtù ni mo ń pè é, rìmóòtù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ — fọwọ́ ara rẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rántí ọmọ ẹni tí Olúdáre ń ṣe. Ọmọ Uncle George Shittu ti Hampton, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Yéè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Kábíyèsí Hampton ti pè. (Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, Uncle ò mọ̀.) Ó ní ọmọ dáadáa ni Dárasími, òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní wá tọrọ ìyàwó nílé Baálẹ̀ Adéwùmí láéláé.

Bàbá bàbá mi nìyẹn. Òun ni Baálẹ̀ Òkè-Ọ̀pẹ nígbà ogun Hítílà. Òyìnbó ṣe òfin ogun: kí ilé kọ̀ọ̀kan máa kó èkùrọ́ wá lóṣooṣù, ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ẹ̀wọ̀n. Yakub, bàbá Uncle, ló lọ. Oṣù mẹ́fà gbáko. Wọ́n ní Baálẹ̀ ló fà á lé òyìnbó lọ́wọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi bú wa. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan títí ó fi kú.

Kí ni mo lè sọ fún Uncle? Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an sà. A dúpẹ́ tí ẹ pè. Ẹ bá mi kí Aunty Yẹ́misí." Mo dúpẹ́ títí ó fi gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4

Mo rò pé Dárasími á sunkún. Rárá o. Ó ní, "Mummy, history ni mò ń kà. Mo máa wá file yẹn." File wo? Ó ní òyìnbó ayé ìgbà yẹn ò lè yán kó má kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Shift wákàtí méjìlá. Ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀ kí Uncle, ó dáhùn, ó ń wo àjà. Aunty Yẹ́misí, ìyàwó rẹ̀, fún mi lọ́wọ́ mọ́ra kó tó kọjá. Ó dáa, a ti ní ẹnì kan lọ́hùn-ún.

Ọjọ́rú, 10

File dé! Ọ̀rẹ́ Dárasími kan ló ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pa mọ́ sí. Ìwé tí òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́dún 1943. Dárasími ń kà, èmi ń bó ẹ̀wà.

Oṣù kẹta: Ajẹ́lẹ̀ wá sọ òfin fún Baálẹ̀. Baálẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wa ọkọ̀. Ó fún wọn ládìyẹ. Ajẹ́lẹ̀ kọ ọ́ pé ìlú yìí gbọ́ràn. Oṣù kẹrin: kò sí èkùrọ́. Baálẹ̀ ò sí nílé, ó lọ sin ìyá rẹ̀. Oṣù kẹfà: ọpẹ́, adìyẹ, kò sí èkùrọ́ — Baálẹ̀ fẹ́ lọ sin ìyá rẹ̀. Oṣù kẹjọ: ó lọ sin ìyá rẹ̀! Ajẹ́lẹ̀ wá kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé ìyá mélòó ni ọkùnrin yìí ní?

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀.

Dárasími ní ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Mo ní àlejò tó kó ọlọ́pàá wá, a kì í sọ fún un pé "n ò ṣe." Wàá máa dúpẹ́ ni títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ọmọ yìí wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní ṣé ohun tí mo ṣe fún Uncle lórí fóònù kọ́ nìyẹn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà nílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ó ku ojú ewé mọ́kànlá. Mo ní kó dúró ná. Ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

A kà á tán.

Oṣù kẹwàá, sùúrù Ajẹ́lẹ̀ tán. Ó ní kí Baálẹ̀ mú ẹni tó ń dá ìlú dúró wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo baálé ilé ló ń lọ sẹ́wọ̀n, ogójì èèyàn. Ọjọ́ kẹta pé, Yakub fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó ní òun ni. Ajẹ́lẹ̀ bi Baálẹ̀, Baálẹ̀ ní, "Òun ni." Ó wá bú sẹ́kún.

Òótọ́ ni! Ó fẹnu ara rẹ̀ fà á kalẹ̀. Mo ní kí Dárasími pa kọ̀ǹpútà dé, ó kọ̀, ó ń kà lọ. Ajẹ́lẹ̀ tún ń ráhùn: àwọn ará ilé Baálẹ̀ ò ráyè èkùrọ́, oko Yakub tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n wà. Ìyàwó Baálẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́wọ̀n lọ́rọọrún. Òun alára bá Baálẹ̀ nínú oko Yakub, tòun ti ọkọ́, ó ń kọ ebè. Ajẹ́lẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kò yé òun.

Ó yé mi! Mo fò dìde. Baálẹ̀ tí kì í ro oko ara rẹ̀! Ta ló ń kọ ebè fún ẹni tó dà? Àwọn méjèèjì ló jọ pète rẹ̀, kí ogójì má bàa lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 14

A lọ sí Hampton lẹ́yìn ìsìn. Ariwo àwọn ọkọ̀ láti pápá eré ìje tó wà níbẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Uncle wọ gíláàsì, ó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rẹ́rìn-ín níbi ìyá Baálẹ̀. Nígbà tó dé ibi oko, ó ní kí Dárasími ka ibẹ̀ sókè fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá ní nígbà tí bàbá òun jáde lẹ́wọ̀n, ilé Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ yà, ibẹ̀ ló ti jẹun, ìyá òun bínú sí i títí ó fi kú. Ó ní lọ́dọọdún tí iṣu bá ta, iṣu máa ń wá láti ilé Baálẹ̀. Ìyá wọn á ní ìtanràn ni, á dà á fún ewúrẹ́. Bàbá wọn á yọ ọ̀kan níbẹ̀, á lọ sun ún lẹ́yìn ilé, á dá nìkan jẹ ẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan.

Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun á wá. Ó sìn wá dé ìdí ọkọ̀, ó ní, "A dúpẹ́ o, Rẹ̀mílẹ́kún. A dúpẹ́ gan-an."

Mo gbé! Ọpẹ́ Baálẹ̀ nìyẹn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Kò pè.

Ọjọ́bọ̀, 18

Kò pè. Dárasími ní òun á fẹ́ Olúdáre bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta sí i. Bí Ajẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n tẹ aago ilẹ̀kùn wa ní Suwanee. Uncle ni, òun àti Aunty Yẹ́misí, Olúdáre lẹ́yìn wọn pẹ̀lú páálí iṣu lórí. Uncle wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin! Mo figbe ta: "Ẹ dìde sà, ẹ má pa mí!" Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, Baálẹ̀ lòun ń kí, kì í ṣe èmi. Ó ní iṣu tí àwọn fún ewúrẹ́ jẹ lòun dá padà yìí.

Kò jẹ́ ká se é. Bàbá Rìmóòtù tanná sí grill, a sun ún lẹ́yìn ilé, epo àti iyọ̀, gbogbo ẹnu pọ́n. Uncle jẹ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni Dárasími béèrè ọjọ́ introduction, kò tiẹ̀ tijú. Uncle ń nu ọwọ́.

Ó ní Sátidé tó ń bọ̀, àfi bí ìyá òun bá tún kú.