Orúkọ Garance Nílé Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Inú ń bí mi. Nílé wa, àkọ́bí obìnrin ló máa ń jẹ́ orúkọ ìyá bàbá rẹ̀. Bí èmi náà ṣe di Honorine nìyẹn. Arẹwà — Maud, ìyàwó ọmọ mi — gbé oyún rẹ̀ wá síbí, ó ní tó bá jẹ́ obìnrin, Garance lòun máa sọ ọ́. Garance! Èpò tí mo ti ń fà tu lẹ́sẹ̀ àjàrà láti kékeré! Thibaud ọmọ mi ń wo bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo hú gbogbo garance ẹ̀bá ọgbà. Mo kó o fún àwọn ehoro tí mo ń sìn, tewé tegbò. Kí wọ́n jẹ orúkọ náà tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Àwọn ehoro fẹ́ràn ẹ̀. Mo tún hú òmíràn. N kò tíì gbà o.

Ọjọ́ Àìkú, 30
Ìyá Maud wá láti Paris. Mo se ọ̀kan nínú àwọn ehoro náà pẹ̀lú ólífì. Ìyẹn bó ẹran kúrò lára eegun — eegun pupa! Ló bá figbe ta: “Yéè! Àrùn wà lára ẹran yìí. Maud, má jẹ ẹ́ o, torí oyún inú ẹ!” Ẹnikẹ́ni ò jẹun mọ́.
Ìgbà yẹn ni mo rántí ìtàn tí bàbá bàbá mi máa ń pa. Garance làwọn baba ńlá wa ń gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa aṣọ láró, títí dórí ṣòkòtò pupa àwọn sójà. Ẹran tó bá sì jẹ ẹ́, eegun rẹ̀ á pọ́n.
Mo dìde. Mo ní, “Àrùn kẹ̀? Garance nìyẹn! Aró yòókù, ara aṣọ ló mọ. Tiwa ń wọ eegun. Òun ló kọ́ ilé tí ẹ jókòó sí yìí.”
Maud ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣé èpò náà ṣì ni?”
Orí mi wú, mo sì bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin
Maud ti bímọ. Obìnrin. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Thibaud ń lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun àti Maud ti fẹnu kò: Honorine ni, kí n má bàa máa bínú.
Mo ní, “Ta ló bẹ̀ yín? Garance ni o! Tóo bá kọ nǹkan mìíràn, má padà wọlé yìí.”
Ó lọ. Mo sunkún díẹ̀ nítorí orúkọ mi. Mo nu ojú, mo pe ìyá Maud ní Paris, mo sọ orúkọ ọmọ ọmọ wa fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.