Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Ní Kí Onílé Rẹ Kọ

Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́bọ̀.

Mutmainnah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Jamilah tó wà lẹ́yìn rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì lórí ìjókòó ire, kí ara ọmọ má gbóná, kí omi ọmú má gbẹ, kí Ọlọ́run sì jẹ́ kí ojú àwọn ará Èkó mọ́ sí yín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, a wà. Ìyá rẹ wà, ikọ́ tó ń wú nígbà tí ò ń lọ ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Sìdí náà wà. Kò síná ládùúgbò láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi, nítorí náà iṣẹ́ ń lọ. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé kan ní Àrẹ̀mọ ni mò ń rán, ọgọ́ta ẹ̀wù ni, ó ku mẹ́rìndínlógún.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o kúrò nílé. Ìyá rẹ ní ó yẹ kí n ti sọ nǹkan lọ́jọ́ tí ò ń lọ, pé èèyàn kì í gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ibi tí kò dé rí kí bàbá rẹ̀ máa wo ilẹ̀. Mo sọ fún un pé aṣọ ni mò ń gé lọ́wọ́, bí èèyàn bá ń gé aṣọ tó sì ń sọ̀rọ̀, sísọ́ọ̀sì á yà bàrá. Nígbà tí mọ́tò lọ tán ni mo wo ohun tí mo gé, apá òsì méjì ni.

Fóònù tí o fi sílẹ̀ fún mi, mò ń lò ó. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ibi tí orúkọ rẹ wà lórí Wásáàpù. Ní ọjọ́ kẹta tí o lọ, mo ṣí i láti wò bóyá o kọ nǹkan, mo sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ pé wọ́n rí ọ gbẹ̀yìn ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí rédíò náà nìyẹn tí èèyàn bá sọnù, wọn á ní a rí i gbẹ̀yìn níbi báyìí, aṣọ báyìí ló wọ̀. Mo wá ibi tí wọ́n kọ aṣọ tí o wọ̀ sí, mi ò rí i. Mo pe ìyá rẹ, òun náà wò ó, ó wọlé lọ mú ìborùn, a múra àgọ́ ọlọ́pàá. A ò tíì jáde tán tí mo tún wò ó, wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n ní o ti wà níbẹ̀. A padà wọlé. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bá mi kí i.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí, mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. O ní ọ̀dọ̀ Ìrètíolúwa ọ̀rẹ́ rẹ lẹ ṣì wà, pé àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ níparí oṣù, àyè ò sì ní gbà yín mọ́. O ní o ti rí yàrá kan ní Agége tí kò jìnnà síbi iṣẹ́ rẹ, àmọ́ bàbá tó ni ilé náà kì í fẹ́ gba obìnrin tó dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ, ó ní wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó kó lọ. Éjẹ́ǹtì wá ní kí onílé tí o ti kúrò kọ fọ́ọ̀mù nípa rẹ, kí ó dé ọwọ́ òun kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa fún. O sọ fún un pé o ò yá ilé rí, ilé bàbá rẹ ni o ti ń bọ̀. Ó ní bàbá rẹ náà ni onílé rẹ nìyẹn, kí ó kọ ọ́. Ọkùnrin náà ò purọ́.

Fọ́ọ̀mù náà dé sínú fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo mú báírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Báírò ò yọ lórí gíláàsì. Mo mú èyí tó pupa, òun náà ò yọ. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ ló yọ díẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi síbi tí wọ́n ní kí onílé kọ orúkọ sí. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán ni fóònù náà ṣókùnkùn. Nígbà tó mọ́lẹ̀ padà, fọ́ọ̀mù ti lọ, orúkọ mi nìkan ló kù, ó wà lórí àwòrán Jamilah.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí Bẹẹrẹ, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tẹ ìwé jáde nínú ẹ̀rọ, Iyìolúwa lorúkọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní kí n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí òun. Mo ní kò sí ìdí tí mo fi máa rán an, èmi náà ni mo gbé e wá yìí, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó nu ṣọ́ọ̀kì ara rẹ̀, kò pẹ́ tí ìwé méjì fi jáde, wọ́n gbóná bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Èmi mọ òyìnbó díẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó inú ìwé yẹn le, mo sì mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́ tí kò dáa, ìwọ ló máa sùn síta. Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Àdó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́dọ̀ Màdáàmù Bertha. O lè má rántí wọn. Àwọn ni ọ̀gá iléèwé tí mo kọ́kọ́ rán yúnífọ́ọ̀mù fún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, ojú wọn ṣì ríran.

Wọ́n wọ dígí, wọ́n ń kà á sí Yorùbá fún mi, mò ń dáhùn, wọ́n ń kọ ọ́. Ọdún mélòó ni ayálégbé yìí gbé nílé mi. Mo ní ọdún mọ́kànlélógún àti oṣù mẹ́rin. Màdáàmù bi mí bóyá kí àwọn yọ ọjọ́ tí o fi wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí o lọ bí Jamilah, mo ní rárá, ẹrù rẹ ṣì wà nílé.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni bóyá o máa ń san owó ilé lásìkò. Mo ní kò san kọ́bọ̀ rí. Wọ́n gbé báírò sílẹ̀. Wọ́n ní Bàbá Mutmainnah, bí a bá kọ èyí, ọmọ yín ò ní rí yàrá gbà. Mo ní òótọ́ ni wọ́n béèrè. Wọ́n wá bi mí pé kí ni o máa ń ṣe nílé. Mo ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí ran bọ́tìnnì fún mi kí o tó lọ síléèwé, àti ìgbà tí oyún wà nínú rẹ, bí mo bá jí láàárọ̀, bọ́tìnnì ti wà lára ẹ̀wù. Wọ́n ní ó tán. Wọ́n kọ ọ́ pé ayálégbé yìí ń san tirẹ̀ ní àràárọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò jẹ gbèsè.

Wọ́n tún fẹ́ mọ ohun tí o bà jẹ́. Mo ní gíláàsì fèrèsé kan, ibi tí áyọ́ọ̀nù jó lára bẹ́ǹṣì, àti adìyẹ kan tí o fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri nígbà tí o wà ní jẹ́léósinmi, tí kò tíì parẹ́. Màdáàmù fẹ́ yọ ti adìyẹ kúrò, mo ní kí wọ́n fi sí i. Ní ti ariwo, mo ní ayálégbé kì í pariwo, ọmọ rẹ̀ ló máa ń ké. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò ti sí ariwo kankan, ìyá rẹ ò sì rí oorun sùn dáadáa. Wọn ò kọ ìyẹn, wọ́n ní kò sí àyè.

Ó wá kan ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí tí ayálégbé fi kúrò. Mo ní iṣẹ́ ló rí sí Èkó. Màdáàmù ò kọ ọ́, wọ́n kàn ń wò mí. Wọ́n ní iṣẹ́ ò wọ́n ní Ìbàdàn fún ẹni tó mọ aṣọ rán. Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ fún wọn. Mo ní Mikail tó fún ọ lóyún kò yọjú, àwọn ará ilé rẹ̀ náà ò yọjú, àwọn èèyàn jókòó, inú ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi Sìdí bi mí orúkọ tí a fẹ́ sọ ọmọ, mo sì dáhùn pé èmi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tí kò ní bàbá. Mo ní ẹnu ọ̀nà yàrá ni o wà nígbà tí mo sọ ọ́, mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ kọ́tìnnì, kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo rí i.

Màdáàmù bi mí bóyá kí àwọn kọ ti iṣẹ́. Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀bi onílé ni. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tún un sọ. Wọ́n kọ ọ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bóyá mo lè gba ayálégbé yìí padà. Ó yẹ kí o mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ tí o lọ ni ẹ̀gbọ́n mi Sìdí ti ń béèrè yàrá rẹ, wọ́n fẹ́ máa kó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tà síbẹ̀ nítorí òjò, mo sì ti sọ fún wọn pé màá rò ó. Mo ní kí Màdáàmù kọ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn, kí n sọ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni yẹn ti tó. Mo fọwọ́ sí i, mo sì fi tọ́ńbù tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màdáàmù ní ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n ń fẹ́.

Nígbà tí mo délé mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé yàrá ò ṣeé gbà mọ́, mo ti kọ ọ́ síwèé. Inú bí wọn. Wọ́n ní ìwé tí ń lọ Agége, kí ló kan Bẹ́yẹrúnkà nínú ẹ̀. Mo ní orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Wọn ò kí mi láàárọ̀ àná, ṣùgbọ́n wọ́n kí mi lónìí.

Iyìolúwa ló bá mi ya àwòrán ìwé náà, tó fi í ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Bàbá onílé Agége fúnra wọn ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń gba fọ́ọ̀mù, gbogbo onílé ló máa ń kọ ọ́ pé ayálégbé ló jẹ̀bi, ṣé lóòótọ́ ni èmi kọ èyí tí àwọn rí yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́, mo rò pé káàdì tán. Wọ́n wá ní àwọn náà ní ọmọbìnrin kan ní Jọ́ọ̀sì, ọdún kẹfà rèé tí kò pe àwọn. Mo ní àwọn ni kí wọ́n pè é. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní kí o wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì mú ìwé náà gan-an dání. Ó wà nínú ẹ́ńfílóòpù kejì. Olúṣẹ́gun dẹ́rẹ́bà ni mo fi rán, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ́ńfílóòpù.

Bí o bá ti gba owó oṣù, bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe fún oúnjẹ, a rí jẹ. Mo wọn fèrèsé yàrá rẹ lánàá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni níbùú àti mẹ́rin lóròó, mo fẹ́ ra nẹ́ẹ̀tì tí mo máa kàn mọ́ ọn nítorí ẹ̀fọn. Ara ọmọ ò gba ẹ̀fọn. Màá rán etí rẹ̀ fúnra mi, a ò ní sanwó oníṣẹ́. Tí owó náà bá wúwo fún ọ, fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá fún mi, kí n lè mọ ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ parí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí yàrá náà gbà yín. Kí ó jẹ́ kí Jamilah tẹ ilẹ̀ rẹ̀ kó má ṣubú, kí ó fi ẹni rere ṣe ará ilé yín, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má sú ọ. Orúkọ tí ò ń pe ọmọ náà dára. Mo ti ń pè é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláúdéènì.