Bàtà Gíga Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Yín

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ má kó ọkàn sókè.

Inú ló kàn ń bí mi. Láti àárọ̀ dalẹ́ la fi ń rìn lórí kọnkéré ilé ìkẹ́rùsí yìí, nínú bàtà iṣẹ́ tó wúwo, tó ga ní gìgísẹ̀. Dókítà ní bàtà náà ló ń di ẹrù ru orúnkún mi, pé eegun ibẹ̀ ti ń ha ara wọn. Kí n wá bàtà pẹlẹbẹ tó rọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo ní ẹsẹ̀ ni?" Orí àga ló wà tó fi ń sọ ọ́, kì í dìde.

Èmi náà gọ̀. Mo pe sílípáàsì yín ní bàtà tálákà, mo fi bàtà gíga ránṣẹ́ sí yín níjọ́sí kí ará àdúgbò lè mọ̀ pé ẹ bímọ. Ẹ jù ú sí ààtàn. Ẹ padà sí sílípáàsì yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Mo máa ń kọ ọ́ sókè lẹ́tà pé mo kúnlẹ̀. Ẹ ò rí i lónìí. Irọ́ ni ì bá jẹ́. Ìdúró ni mo wà tí mo fi kí yín, Màámi. Ẹ má bínú.

Ọmọ yín obìnrin